Àmì Orí Ọkọ̀

Iyọ̀ ni Ìbídùn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n kúrò lára ìjàpá nígbà tí ilẹ̀kùn sọ fún un pé ìjọba ti dé.

"Alejo kan lati ọdọ ijọba," ni ilẹ̀kùn wí. "Akọwe wa pẹlu rẹ."

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Iyọ̀ ṣì kù lórí mọ́gáàdì ẹ̀yìn, bí ó bá sì fi í sílẹ̀ títí ọ̀dà fi gbẹ, iyọ̀ náà kò ní í ṣí mọ́, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án á sì di òfo. Ó ti kọ́kọ́ fi àwọ̀ ìdógùn-ún kun ère igi náà, ó wọ́n iyọ̀ sí gbogbo ibi tó fẹ́ kí ogbó ti hàn, ó wá fi búlúù bo ohun gbogbo. Ní báyìí tí iyọ̀ ń já, búlúù ń bá a já, mọ́tò tí kò gùn ju apá rẹ̀ láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ sì ń darúgbó lójú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin sínú, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin.

Ìjàpá ni àwọn àgbà ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́sí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, ariwo rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ délé. Ẹni tí kò bá tíì pé ọgbọ̀n ọdún ní Abẹ́òkúta kò lè rántí rẹ̀. Ìgbín ni àwọn yẹn mọ̀, ọkọ̀ funfun tí kò ní táyà, tí kò ní awakọ̀, tó ń fi àyà yọ̀ lórí títì dídán, tó sì ń bi ọ́ léèrè ibi tí ò ń lọ àti ohun tí o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ kó tó ṣílẹ̀kùn fún ọ.

Igi ọ̀mọ̀ ló fi gbẹ́ ara mọ́tò náà. Bàtà rọ́bà tó ti já ló gé ṣe táyà. Gíláàsì iwájú, ara awò ojú ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé ló ti gé e. Ìdógùn-ún gan-an ló fún un níṣẹ́ jù. Kò sí irin tó dógùn-ún mọ́ ní gbogbo ìlú, nítorí láràárọ̀ ni ògiri ń wẹ ara rẹ̀, tí títì ń wẹ ara rẹ̀, Òfin Ìmọ́tuntun kò sì gbà kí ohunkóhun tó ṣeé fojú rí láti ìta gbó. Ó ní láti rẹ abẹ́rẹ́ ìránṣọ sínú omi iyọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún oṣù méjì kí ó tó rí ìwọ̀nba tó lọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀dà. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì rí, eruku ni. Mọ́tò tó ń ná ọ̀nà Èrúwà kò gbọdọ̀ wà láìní eruku lára, ìlú tó ń wẹ̀ láràárọ̀ kò sì ní eruku kankan láti fún un.

Ó gbọn iyọ̀ tó kù dànù, ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó ní kí ilẹ̀kùn ṣí.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu ló wọlé, òṣìṣẹ́ Àjọ Ìrìnnà tó ń bójú tó àdúgbò wọn, ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlógójì tó mọ èèyàn kí. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Akọ̀wé wà láyà rẹ̀ bíi bọ́tìnnì ńlá, ẹ̀rọ roboto kan tó ń gbọ́ ohun gbogbo, tó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba.

"Ẹ kú ilé, Ìyá Adétóún. Ẹ kú oríire o. Wọ́n ní Adétóún ti bí sí Èrúwà níjẹta."

"A dúpẹ́, ẹ ṣé. Obìnrin ni. Ọjọ́ márùn-ún ló kù ká sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ jókòó, ẹ má fara kan tábìlì, ọ̀dà ò tíì gbẹ."

"Ṣé ọ̀la lẹ̀ ń wọ ìgbín lọ?"

"Láàárọ̀ ọ̀la. Èmi ni wọ́n ń dúró dè. Adétóún ní ẹlòmíì ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ pe orúkọ ọmọ náà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ère orí tábìlì ló ń wò, ó sì wò ó pẹ́. "Ìyá, mọ́tò lèyí."

"Kí lẹ rò pé ẹ ó bá?"

"Èèyàn. Ìwé àṣẹ yín sọ pé ère olóògbé ni. Ère ọkọ yín."

"Ẹ bá mi kà á bó ṣe wà níbẹ̀."

Láníyọnu tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ìwé àṣẹ náà sì tàn sórí rẹ̀. "Ère..." Ó dúró, ó tún un wò. "Ère ọkọ."

"Ọkọ wo? Ọkọ tó ń fẹ́ni, àbí ọkọ̀ tó ń gbéni, àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko? Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa bóyá ẹ ó rí àmì kankan."

Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Kò sí lórí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé ìjọba láti ọdún tí wọ́n ti ní àmì ohùn ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn, tí wọ́n sì fi òfin gbá a dànù. Láti ìgbà náà ni ohun gbogbo tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í ṣe èèyàn ti ń sọ ọ́ pẹrẹsẹ, ilẹ̀kùn, ìgbín, Akọ̀wé. Nígbà tí Ìbídùn lọ sójú fèrèsé ọ́fíìsì ìjọba ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òótọ́ ló sọ. Ó ní òun fẹ́ gbẹ́ ère ọkọ̀ àwọn, èyí tó kú. Ó mọ̀ pé òfin kò gba ère mọ́tò alátáyà láyè, ó kàn fẹ́ kí wọ́n kọ̀ fún òun lójúkojú ni. Akọ̀wé ibẹ̀ wá dá a lóhùn pé, "Ẹ ku arafẹraku. Ofin gba opo laye lati ni ere ọkọ rẹ." Ẹnu Ìbídùn ti là láti tún un ṣe. Ó pa á dé, ó gba ìwé àṣẹ, ó lọ sílé lọ wá igi.

"Ẹ̀yin lẹ gbé àmì kúrò lórí ọkọ̀," ni ó wí fún Láníyọnu báyìí. "Kì í ṣe èmi."

Láníyọnu rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kò bàjẹ́, ohun tó sì ba Ìbídùn lẹ́rù nìyẹn.

"Ìyá, mi ò bá ìjà wá. Ká sòótọ́, iṣẹ́ yìí dára, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àjọ wa fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Ọjọ́ Fínnúfíndọ̀, ọjọ́ tí gbogbo ìlú kó mọ́tò wọn kalẹ̀ tọkàntọkàn. Ère mọ́tò kan ni wọ́n ń wá tí wọ́n á gbé sí gbọ̀ngàn. Mo lè bá yín tún ìwé àṣẹ yẹn ṣe kó di tòótọ́. Orúkọ yín á wà lábẹ́ rẹ̀."

"Bó ṣe wà yìí?"

"Ẹ ó kàn nù ún ni." Ó yọ agolo kékeré kan nínú àpò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ìbídùn mọ̀ ọ́n, kò sílé tí kò sí. Ohun tí wọ́n ń fọ́n sára nǹkan tó bá gbó ni, tí ibi tó ya á pa dé, tí á tún dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é. "Ìdógùn-ún díẹ̀díẹ̀ yìí, bí ó bá ṣẹ́ kù, a lè gbójú fò ó. Àwọn ìlà mẹ́rin orí rẹ̀ yìí ni kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn á máa bèèrè ohun tó fà á."

Ó na ìka sí wọn láì fara kàn wọ́n. Méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, wọ́n wọ inú igi lọ jìnnà, ìdógùn-ún sì ti inú wọn ṣàn wá sórí fèrèsé. Ọjọ́ mẹ́rin ni Ìbídùn fi ṣe àwọn yẹn nìkan.

Àṣá ló fà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tó wá láti ojú sánmà lọ́dún náà, tó ní ìka irin mẹ́rin, tó ń gbé mọ́tò bí àṣá ti ń gbé òròmọdìyẹ. Ṣówándé, ọkọ rẹ̀, ní òun kò yọ̀ǹda. Ìjàpá yẹn ló fi ń kó ìwé lọ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abúlé láti Ọ̀dẹ̀dá títí dé Èrúwà, kò sì sí ìgbín tó ń débẹ̀ nígbà náà. Ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Àṣá ki ìka bọ orí ọkọ̀, irin ké, ọkọ̀ dìde nílẹ̀, Ṣówándé bá a dìde. Ó ti ga ju ògiri ilé lọ kí ọwọ́ rẹ̀ tó yọ̀, tó já lulẹ̀. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò nà mọ́ títí ó fi kú lọ́dún kẹta. Ohun tó wà nínú ìwé ìjọba nípa ọjọ́ yẹn kò ju ìlà kan lọ, pé ó fi í sílẹ̀ tọkàntọkàn. Ìbídùn ti ka ìlà yẹn tó ìgbà ọgọ́rùn-ún, inú ṣì ń bí i bí ìgbà tó kọ́kọ́ kà á.

"Bí mi ò bá nù ún ńkọ́?"

"A ò ní í gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ mọ̀ pé ìjọba kì í fipá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó fọ́n ọn, ẹ ó sì fẹnu ara yín sọ pé tọkàntọkàn ni." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bẹ́ ò bá ṣe é, àṣẹ ìrìn yín á kú. Ìgbín ò ní í ṣílẹ̀kùn fún yín. Èrúwà jìnnà, ibodè ò sì í jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tuntun ń dúró dè yín."

Ìbídùn mú agolo náà. Kò díbọ́n, ó mú un láti fọ́n ọn ni. Ṣówándé ti kú, ọmọ yìí wà láàyè, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí òun kò tíì fojú kàn. Orúkọ kan ti wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọmọ náà láti ìgbà tí oyún ti hàn. Igi lásán lèyí, òun lè gbẹ́ òmíràn. Ó gbé àtàǹpàkò lé orí agolo, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí orí mọ́tò. Ó bínú sí ara rẹ̀ pé ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ẹ duro," ni Akọ̀wé wí láyà Láníyọnu. "Ki a to nu ere oloogbe, mo gbọdọ yẹ ẹ wo."

"Kò pọn dandan," ni Láníyọnu wí.

"Ofin Oku ni." Ìmọ́lẹ̀ kan jáde lára rẹ̀, ó rìn lórí mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ọkọ yin ni ẹsẹ mẹrin."

Ìbídùn wo ẹ̀rọ náà. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí.

"Ẹsẹ naa ri roboto."

"Bí wọ́n ti rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ikun rẹ ṣofo. Ijokoo mẹrin wa ninu rẹ."

"Ó gba èèyàn mọ́ra púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀."

"Akọ̀wé, ó tó," ni Láníyọnu wí.

"Ko tii to. Mo ri ọgbẹ mẹrin ni ori ọkọ yin. Ta ni o ṣe e leṣe?"

Ìbídùn wo Láníyọnu, ó rí i pé ojú rẹ̀ ti yí padà, ìgbà yẹn ló wá rántí ohun tí gbogbo opó mọ̀ nípa Òfin Òkú. Ọgbẹ́ tí opó bá fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹni tó dá a, Akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nù ún kúrò lára ère títí ẹni náà á fi wá jẹ́jọ́ ní gbangba. Nítorí àwọn tí ẹ̀rọ pa lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe òfin náà. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ẹnì kan á lò ó fún mọ́tò.

"Ẹ ní kò sẹ́ni," ni Láníyọnu wí jẹ́jẹ́. "Ìyá, ẹ kàn ní kò sẹ́ni. Lọ́la ẹ ó gbé ọmọ mọ́ra. Bẹ́ ẹ bá dárúkọ wa, lónìí lónìí ni àṣẹ ìrìn yín máa kú. Mo bẹ̀ yín."

Láti ìgbà tó ti wọlé ni Ìbídùn ti ń bọ̀wọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀wọ̀ náà tán síbẹ̀.

"O ò bẹ̀ mí," ni ó wí. "Ò ń halẹ̀ mọ́ mi ni. Ẹnu tí mo fẹ́ fi pe orúkọ ọmọ náà lo ní kí n kọ́kọ́ fi parọ́ mọ́ bàbá ìyá rẹ̀."

Ó gbé agolo kalẹ̀. Ó kọjú sí Akọ̀wé, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe ọ̀rọ̀ fún ọmọ iléèwé.

"Kọ ọ́. Àjọ Ìrìnnà ló ṣe é léṣe. Àṣá wọn ló fi ìka irin mẹ́rin ki í lórí, lójú mi, níwájú ilé yìí, lọ́jọ́ tí ẹ ń pè ní Ọjọ́ Fínnúfíndọ̀."

"Ṣe o fi ara rẹ silẹ tọkantọkan?"

"Rárá. Ó kọ̀. Wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, ó ṣì ń kọ̀."

"A ti kọ ọ," ni Akọ̀wé wí. "Ẹnikẹni ko gbọdọ nu ọkọ yin."

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Ìbídùn ti ń retí kí ohun kan tó jẹ́ ti ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dópin láì dá a lẹ́kun, ẹ̀rọ tí kò mọ ohun tó ń gbọ́ ló sì wá gbọ́ ọ. Ó sunkún, kò tijú. Bí ó ti ń nu ojú ló rí i tí iná kékeré àṣẹ ìrìn tó máa ń tàn lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ kú. Láníyọnu mú agolo rẹ̀, ó ní kò sóhun tí òun lè bá a ṣe mọ́, ó jáde láì kí i.

Ìbídùn kò dúró di ọ̀la. Ó di gààrí àti omi, ó ki aṣọ ìpọnmọ sínú báàgì, ó ṣe òṣùká, ó gbé ìjàpá lérí. Kò bò ó. Oòrùn ọ̀sán mú bí nǹkan míì, títì sì ń dán débi pé ó ń rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó ti ń rìn, òun àti ọkọ̀ tó dógùn-ún. Ìgbín ń yọ̀ kọjá, àwọn ọmọdé inú wọn ń lẹ imú mọ́ gíláàsì láti wò ó. Nígbà tó dé iwájú ilé Bàbá Ṣótáyọ̀ aládùúgbò rẹ̀, arúgbó náà yọjú lójú fèrèsé, ó wo orí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu fọn hóònù, píìn-pìn, bí wọ́n ti máa ń fọn ọ́n nígbà tí òun náà ní mọ́tò. Ìbídùn kò lè yí orí, ó gbé ọwọ́ sókè fún un.

Ibodè wà níbi tí àdúgbò Ọ̀bàńtokò parí sí. Ó ti ń ronú ohun tó máa sọ níbẹ̀ láti ilé, kò sì tíì rí nǹkan kan.

"Ẹ ko ni aṣẹ lati wọ igbin," ni ibodè wí.

"Mi ò wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ni mò ń fi rìn."

"Ẹni kan ṣoṣo ko gbọdọ fi ẹsẹ rin kọja. Ta ni ẹ n ba lọ?"

Ìbídùn fọwọ́ di ìjàpá mú lórí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó pa á mọ́ra.

"Èmi àti ọkọ̀ mi ni."

Ìmọ́lẹ̀ ibodè gun orí rẹ̀, ó dúró lórí mọ́tò, ó yẹ ìwé wò. "Ọkọ yin wa ninu iwe. O fi ara pa. Ẹ rọra maa ba a lọ."

Ibodè ṣí.

Níwájú, títì dídán gun orí òpó lọ sókè, ó kọjá lójú òfuurufú lọ sí Èrúwà. Ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà nísàlẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti fọ́, ilẹ̀ pupa ti yọ. Ìbídùn gbé ẹsẹ̀ lé e, eruku sì gbéra. Ó rìn tó ogún ìṣísẹ̀, ó sọ ìjàpá kalẹ̀, ó fi táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lélẹ̀ bó ti yẹ kó wà, ó takété sí i. Ìgbín kan sáré kọjá lókè, atẹ́gùn rẹ̀ fẹ́ wá sísàlẹ̀, eruku bo ohun gbogbo.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Búlúù ti ṣú. Eruku pupa ti kún inú ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin orí rẹ̀ débi pé wọ́n hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí wọ́n ti hàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kò ku ibì kan tó fẹ́ tún ṣe mọ́. Ó gbé e lérí, eruku sì ń bọ́ sí i léjìká bí ó ti kọjú sí Èrúwà. Ọ̀nà ọjọ́ mẹ́ta ni, ọjọ́ márùn-ún sì wà lọ́wọ́ wọn.